Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ mi, mo tọrọ gáfárà lórí nǹkan méjì. Èkíní ni pé Sabon Gari ní ìlú Kánò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé baba mi, ṣùgbọ́n ìgbà ọdún àti ìgbà òkú nìkan ni a máa ń débẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé Yorùbá mi ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn ará yàrá mi ti máa ń ṣe. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ìdí àti ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé a kì í sọ irú rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ti pa ènìyàn kan ní ilé wa, n kò sì fẹ́ kí ó pa ẹnikẹ́ni ní ilé tiyín.

Ìsọ̀ Bàbá Kékeré

Ẹni tó bá mọ Kánò yóò mọ Sabon Gari. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn ará Gúúsù bá a wọ ìlú: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò. Ìjọba amúnisìn ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú, àwọn Hausa sì ń pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, ìyẹn Ìlú Tuntun. Títí di òní, títì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yoruba Road. Orúkọ Muhammad Abubakar Rimi ni ìjọba fi sọ ọjà ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ọjà Sabon Gari ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi náà ní èdè kan ò wọ Ọjà Sabon Gari.

Bí ẹ bá jókòó nínú ọjà yìí láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ óò gbọ́ orin kan tí kì í tán. Ẹni tó ń ta oògùn á gbé sípíkà sórí ọmọlanke, á máa ké "Maganin basir! Maganin basir!" Basir ni àwọn Hausa ń pe jẹ̀díjẹ̀dí. Kí ohùn rẹ̀ tó lọ tán, ìyá alágbo tiwa náà á ti dé, tòun ti àgbo jẹ̀dí nínú ike. Hausa rà, Yorùbá rà, Ígbò rà. Bí ẹ bá fojú ọjà wò ó, ẹ óò rò pé kò sí àìsàn mìíràn láyé ju èyí tó wà ní ìdí lọ.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, wà lára àwọn oníbàárà ìyá alágbo. Bàtà ni ó ń tà nínú ọjà náà fún ọdún tó lé ní ogún. Ní 2018, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí à ń gbé, ṣalángá kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́fà ń lò, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ta ni yóò tẹjú mọ́ ohun tó já sílẹ̀ níbẹ̀? Ó pè é ní jẹ̀dí, ó mu àgbo, ẹ̀jẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé. Ó tún mu òmíràn. Oníkẹ́míìsì fún un ní oògùn oníhóró, ó lò ó. Ọdún méjì ni ó fi wà lórí èyí.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àwọn ará ọjà ní ọjà tí kò tà ni. Nígbà tí ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, ó ní àgbà ló dé. Ní ìparí 2020, inú rẹ̀ wú, ìgbẹ́ kọ̀, kò jáde mọ́. Ìgbà yẹn ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ó kú ní 2021, ẹni ọdún 52. Nígbà tí a ń palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, a bá ike àgbo mẹ́tàdínlógún lábẹ́ tábìlì, gbogbo wọn ṣófo.

Kí ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá?

Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú wa. Ó gùn tó mítà kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi kúrò nínú oúnjẹ tó ti dà, kí ìyókù tó di ìgbẹ́. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, kókó kékeré lè hù sí ara ìfun yìí bí olú ṣe ń hù sára igi. Pọ́lípù ni àwọn dókítà ń pè é. Púpọ̀ nínú wọn kì í di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn á máa tóbi, á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Ìrìn àjò yìí máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò náà, ó lè má dun ènìyàn rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí ọdún mẹ́wàá yẹn. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àìsàn díẹ̀ ni ó ń fún ènìyàn ní ààyè tó báyìí. Bí wọ́n bá rí kókó náà kí ó tó yí padà, wọ́n á gé e kúrò, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní Amẹ́ríkà, nínú ènìyàn 100 tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ náà lára wọn nígbà tó ṣì wà lójú kan, bí 90 ni ó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, wọn kì í tó 20. Àìsàn kan náà ni o. Àkókò tí wọ́n rí i ló yàtọ̀.

Kí ló dé tí àgbo fi dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́?

N kò wá bú alágbo. Bàbá mi àgbà mọ ewé, mo sì mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí ni, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tan Bàbá Kékeré jẹ ni mo fẹ́ kí ó yé wa yékéyéké. Kókó inú ìfun kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀ lónìí, kí ó dákẹ́ fún oṣù kan, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ènìyàn bá lò lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gba ìyìn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí a máa ṣí ènìyàn nínú. Bí inú bá ti fúyẹ́, a ó ní àìsàn ti lọ. Kókó náà kò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀, ó ń dàgbà.

Ohun mìíràn tún ni pé ènìyàn lè ní jẹ̀díjẹ̀dí kí ó tún ní jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kò ní kí èkejì má wá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ bí a kò bá ṣe àyẹ̀wò?

Àwọn àmì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nìwọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìbáà pupa, ìbáà dúdú, ìgbẹ́ tó yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá ó ń ṣu púpọ̀ tàbí kò ṣu mọ́, ìgbẹ́ tó di tẹ́ẹ́rẹ́, inú rírun tí kò lọ, kí ènìyàn máa rù láìgbààwẹ̀, kí ó máa rẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń ṣe.

"Àìsàn òyìnbó ni"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé jẹjẹrẹ ìfun kì í ṣe àìsàn tiwa. Èrò náà ní orírun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní Uganda fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kan jáde ní 1971. Ó ṣàkíyèsí pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Áfíríkà, ó sì sọ pé oúnjẹ wa tó kún fún ìhá, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni ó ń dáàbò bò wá, nítorí pé ìgbẹ́ wa pọ̀, kì í sì í pẹ́ nínú ìfun.

Ó lè jẹ́ òótọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ìyá wa àgbà ń jẹ ni àwa ń jẹ? Ní 2015, Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 20 àti ará oko 20 ní South Africa, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ Áfíríkà, àwọn ará oko jẹ ẹran àti ọ̀rá bíi ti Amẹ́ríkà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìfun wọn ti ń yí padà: àwọn àmì ewu dínkù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì pọ̀ sí i lára àwọn ará oko. Awọ ara wọn kò yí padà; oúnjẹ ni. Ní 2015 kan náà, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́ lè fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Sìgá, ọtí àmujù, ara sísanra jù àti ìjókòó lójú kan náà ń dá kún un.

Ní àgbáyé, ó lé ní 900,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ yìí pa ní 2022. Ní ilẹ̀ wa, àwọn dókítà tí fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ní in kò tíì dàgbà púpọ̀, àti pé ìgbà tó bá ti tàn ká ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dé ilé ìwòsàn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Isaac Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2021, wọ́n tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé jẹjẹrẹ ìfun tó ń ṣe àwọn ará Nàìjíríà yàtọ̀ ní àwọn ọ̀nà kan sí èyí tó ń ṣe àwọn aláìsàn New York. Ẹ gbọ́ ná: bí ó bá jẹ́ àìsàn òyìnbó nìkan ni, kí ni wọn ì bá máa wá ní Ifẹ̀?

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń ṣe?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò ìgbẹ́. Ènìyàn á mú ìgbẹ́ díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n á wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí nínú rẹ̀. Kò dunni, kò gba àkókò, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti èkejì lọ. Ní ilẹ̀ Ẹngilandi, ìjọba ń fi ohun èlò àyẹ̀wò yìí ránṣẹ́ sílé fún ẹni ọdún 50 sí 74 ní ọdún méjì-méjì. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Ó túmọ̀ sí pé ó yẹ kí wọ́n wo inú ìfun.

Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, tí wọ́n ń pè ní kọlonósíkópì. Wọ́n á fún ènìyàn ní oògùn tí yóò fọ ìfun rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kí ó tòògbé, wọ́n á sì ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà gba ìdí wọlé. Bí wọ́n bá rí kókó, wọ́n lè gé e lójú ẹsẹ̀. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, tí kò sì sí irú rẹ̀ nínú ẹbí, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ènìyàn tó tún ṣe é.

Ta ló yẹ kí ó ṣe é? Ní Amẹ́ríkà, láti 2021 ni àwọn onímọ̀ ti ní kí tọkùnrin tobìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọdún 45, bí kò tilẹ̀ sí àmì kankan. Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ yìí yóò tètè bẹ̀rẹ̀, ní ẹni ọdún 40, tàbí kí ó fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ìbátan náà. Ní Nàìjíríà, ìjọba kò ní ètò tó ń fi lẹ́tà pe ènìyàn wá ṣe é. Àwa ni a ó pe ara wa. Wọ́n ń ṣe kọlonósíkópì ní àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi ti Aminu Kano ní Kánò, UCH ní Ìbàdàn, ti Ilé-Ifẹ̀, ti Ìlọrin àti LUTH ní Èkó.

Bàbá mi gbà

Nígbà tí Bàbá Kékeré kú, dókítà ti sọ fún wa pé kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bàbá mi kò dá a lóhùn. Ní ìsinmi 2023, mo gbójú gbóyà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ ṣe àyẹ̀wò tí dókítà sọ yẹn."

"Àyẹ̀wò kí ni? Ṣé o rí àìsàn lára mi ni? Àlàó, Jọ́gíráfì ni mo rán ọ lọ kà, n kò rán ọ lọ ka ìdí bàbá rẹ."

Ó ní ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri yóò rí i. Ó ní òun kò lè dàgbà tó báyìí kí ọmọdé dókítà wá máa tan iná sí òun nídìí. Màmá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà, ni ó gbà mí sílẹ̀.

"Bàbá Wálé, ọkọ̀ yín tí ẹ fi ń ná ọjà, ṣé ìgbà tó bá kú sójú ọ̀nà Zaria ni ẹ máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?"

Bàbá mi kò fèsì. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí ó ti ń wọ bàtà, ó ní, "Ọjọ́ wo ni ẹ ní kí a lọ?"

Àwa ọmọ dá owó náà jọ. Ó dùn wá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tí a ná lórí iṣẹ́ abẹ Bàbá Kékeré. Oògùn tó ń fọ ìfun ni ó ni bàbá mi lára jù. Ó ní òun kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà èwe òun. Kọlonósíkópì fúnra rẹ̀, oorun ni ó fi sùn. Wọ́n rí kókó méjì. Wọ́n gé méjèèjì lọ́jọ́ náà. Èsì fi hàn pé kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti ń yí padà. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi ní ẹni ọdún 40.

Dókítà fi fọ́tò kókó náà hàn án. Bàbá mi wò ó títí. Ó ní, "Ṣé irú èyí ló wà lára àbúrò mi?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Kí ni kí àwa ṣe?

Àwa tí a kò tíì pé 40 tí a kò sì ní àmì kankan, kò sí ẹni tó ní kí a sáré lọ ṣe kọlonósíkópì lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ láàárín wa, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà, kí ó sọ ọ́ ní gbangba. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, ẹni ọdún 43 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá pa á ní 2020. Nǹkan bí ọdún 39 ni ó wà nígbà tí wọ́n rí i. Kí a sì máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso. Kí a má jẹ́ kí súyà di oúnjẹ alẹ́ ojoojúmọ́. Ọmọ Kánò ni mo fi sọ èyí o, ẹ sì mọ̀ pé kò rọrùn fún mi.

Iṣẹ́ tó kù wà nílé. Lálẹ́ òní, ẹ pe bàbá yín, ẹ pe ìyá yín. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń wá nínú ìgbọ̀nsẹ̀ yín, bó ti wù kó kéré mọ? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ṣe irú àìsàn yìí rí, àbí ó kú tí wọ́n ní "inú ló ń run ún"? Ṣé ẹ ti pé 45, kí a jọ wá ọjọ́ tí ẹ óò lọ? Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè ní ẹ kò gbọ́n. Ẹ tún pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ̀nu yín kò bá gbà á, ẹ lọ bá màmá. Ẹ ti rí bí tèmi ṣe ṣe é.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó mọ̀wé náà kò gbọdọ̀ wà nílé kí ìdí àgbà máa ṣẹ̀jẹ̀. Ire o!